Ìlérí Tí Wọ́n Ṣe fún Èèmọ́

Èèmọ́ ni wọ́n yàn jẹ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Nígbà láéláé ni wọ́n yàn án jẹ, nígbà tí ẹranko àti koríko ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ní àsìkò tí òjò ń kógbá sílé tí ọyẹ́ sì ń yọjú.

Ṣé ẹ mọ Èèmọ́? Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Koríko ẹ̀bá ọ̀nà náà ni, èyí tí èso rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ yín bí ẹ bá ti oko dé, tí ìyá yín á ní kí ẹ jókòó síta kí ẹ ṣa á tán kí ẹ tó wọlé.

Nígbà láéláé yẹn, Èèmọ́ kì í lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Orí rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, a máa jù bí ìrù ológbò tí inú rẹ̀ dùn. Àwọn ọmọ ẹranko tó bá ń kọjá a máa fọwọ́ pa á lórí, òun náà a sì máa rẹ́rìn-ín.

Ìsàlẹ̀ òkè kan ló ń gbé, níbi tí ọ̀nà Ahoro Alápàáàdì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú ńlá ni Alápàáàdì nígbà kan rí. Àwọn tó kọ́ ọ ti ṣí lọ, kò sì sẹ́ni tó rántí ohun tó lé wọn mọ́. Ohun tó kù níbẹ̀ ni àwọn ògiri pupa tó ti wó dé ìdajì, ẹnubodè kan tí àjà rẹ̀ ti jábọ́, adágún omi kan tí òṣíbàtà bò lójú, àti àgbàlá ààfin.

Àgbàlá yẹn ni gbogbo igbó ń ròyìn. Àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n to àfọ́kù ìkòkò ní òró, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, títí gbogbo ilẹ̀ fi dà bí ìpẹ́ ẹja. Bí oòrùn òwúrọ̀ bá tàn sí i nígbà ọyẹ́, ẹ ó rò pé odò ló ń ṣàn níbẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, àwọn ẹranko a máa rìn lọ wo ahoro náà. Wọn kò wá oúnjẹ lọ, wọn kò sì sá fún ọdẹ. Ìrìn náà ló dùn mọ́ wọn. Ìkùukùu a máa bo ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Ìrì a máa kán tó, tó, tó láti ara ewé. Igi akòko a ti tú òdòdó, ewé gbígbẹ a máa dún wàràwàrà lábẹ́ ẹsẹ̀, àgbálùmọ̀ a sì ti pọ́n lẹ́yìn ògiri àtijọ́, tí ń dúró de ẹnu tí yóò lá a.

Ẹtu ni olórí àwọn onírìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tínrín, ahọ́n rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní Bàbá Ìrìn.

Ìyá Àparò a máa tẹ̀ lé e. Ìyá yìí gbà pé kò sí aṣọ tó dára tó tòun nínú igbó, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà rí bí ẹni pé eruku ni wọ́n fi pa á láró.

Ọ̀kẹ́rẹ́ a máa wà lókè, tí ń fò láti orí igi kan bọ́ sí òmíràn, tí ń fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní àbùkù kan. Ara òkè ló gbà lọ, àgbàrá sì ń gbẹ́ ẹ ní gbogbo ìgbà òjò. Lọ́dún kan, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Ẹtu já sí kòtò níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ́. Bó ṣe ń tiro lọ sílé ló yà sọ́dọ̀ ìyá ìyá Èèmọ́.

"Ẹ kú ìdúró, Ìyá," ló wí. "Mo rí i pé gbòǹgbò yín lágbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di ilẹ̀ ọ̀nà yìí mú, kí àgbàrá má baà gbé e lọ mọ́."

"Iṣẹ́ ńlá nìyẹn," ni ìyá àgbà dáhùn. "Kí ni ẹ ó fún mi?"

"Bí òjò bá ti dá, àwa fúnra wa la ó gbé yín wọ Ahoro Alápàáàdì. Ẹ ó fi ojú ara yín rí àgbàlá náà."

Ìyá àgbà na ọrùn wo òkè náà. Koríko kò lẹ́sẹ̀. Ibi tó bá hù sí náà ni yóò gbẹ sí. Láti ìran dé ìran, ẹ̀rín àwọn tó lọ wo àgbàlá ni àwọn ará rẹ̀ ń gbọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè, wọn kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Mo gbà," ló wí.

Ó ṣiṣẹ́ náà. Bí òjò bá ń rọ̀, tí gbogbo ẹranko wà nínú ihò wọn tí wọ́n ń yáná, òun wà níta. Àgbàrá á dé, á bú ramúramù, á fà á nírun. Òun á fún ilẹ̀ mọ́ra bí ìyá tó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Nígbà tí òjò dá, ọ̀nà náà tẹ́jú bí ẹní.

Àwọn onírìn dé, wọ́n ń kọrin.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o!" ni Ẹtu kígbe. "Iṣẹ́ yín dára. Ẹ má bínú, ẹrù pọ̀ lọ́wọ́ wa lọ́dún yìí. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Wọ́n sì kọjá lọ.

Ọdún tó ń bọ̀! Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Èèmọ́ kì í rí ọdún tó ń bọ̀. Òjò ló ń bí i, ọyẹ́ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹtu mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo igbó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà gbẹ. Ọmọ rẹ̀ hù níbi kan náà, ó di ọ̀nà mú, wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ fún un. Kí òun náà tó gbẹ, ó sọ fún èso orí rẹ̀ pé, "Wọ́n jẹ wá ní ìrìn kan. Bí ẹ bá hù, ẹ bi wọ́n."

Bí Èèmọ́ inú ìtàn yìí ṣe dé ayé nìyẹn.

Òun náà di ọ̀nà mú ní gbogbo ìgbà òjò. Nígbà tí ọyẹ́ sì dé, tí ó gbọ́ orin àwọn onírìn lókèèrè, ó na ọrùn sókè. Ó mọ̀ pé ọyẹ́ yìí nìkan ni òun ní.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ìrìn," ló wí. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àparò. Mo ti múra tán."

"Ìmúra kí nìyẹn?" ni Ẹtu béèrè.

"Ìmúra àgbàlá. Ẹ ṣèlérí fún ìyá ìyá mi, ẹ ṣèlérí fún ìyá mi. Ẹ fi ẹnu já mi, ẹ gbé mi dání. Mi ò wúwo."

Ẹtu wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Há à! Ọmọ dáadáa, ẹnu mi ni mo fi ń darí orin."

"Ìyá Àparò, ẹ fi mí sí abẹ́ ìyẹ́ yín."

"Sí ara aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀?" ni Ìyá Àparò pariwo.

"Ẹ̀yin, aṣọ tí ẹ fọ̀?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí láti orí igi. "Ìyá, odò tí ẹ ti fọ̀ ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti mọ́ báyìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èèmọ́ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ó rántí ohun tó ń béèrè.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ìwọ ńkọ́?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ fa ìrù rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹyìn ni mo fẹ́ fi ọwọ́ mi kó," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ó di ọdún tó ń bọ̀, ọmọ dáadáa," ni Ẹtu wí. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó sì gun òkè lọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé lọ́sàn-án, ẹnu gbogbo wọn ń lẹ̀ nítorí oje àgbálùmọ̀. Wọ́n jókòó sórí Èèmọ́ gan-an láti sinmi, wọ́n sì ń jiyàn.

"Àpáàdì náà dán ju ti èṣí lọ," ni Ìyá Àparò wí.

"Ó dán tàbí kò dán, ó ń jó ẹsẹ̀," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn. "Òṣíbàtà ojú adágún ló wù mí. Ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sórí rẹ̀ bí ọba tí kò nílùú."

Èèmọ́ wà lábẹ́ ìdí wọn, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, Àdán jáde láti inú ẹnubodè àtijọ́, níbi tó ń gbé. Ó fò wá sí ìsàlẹ̀ òkè láti wá èso jẹ. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń mí kanlẹ̀.

"Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Èmi Èèmọ́ ni. Bàbá Àdán, inú ìlú lẹ ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé yín wọ ibẹ̀?"

Àdán rẹ́rìn-ín títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ láti ibi tó so rọ̀ sí. "Ta ni yóò gbé mi? Àwọn ẹyẹ ní mi ò kì í ṣe ẹyẹ, àwọn eku ní mi ò kì í ṣe eku. Bí mo bá ń dúró de ẹni tí yóò pè mí sí ìrìn, orí òkúta ni ǹ bá máa sùn. Wo ọwọ́ mi."

Èèmọ́ wò ó. Ìkọ́ kékeré kan wà ní ìka rẹ̀.

"Ìkọ́ yìí ni mo fi ń jókòó," ni Àdán wí. "Ibi tó bá wù mí ni mo ń fi kọ́. Mi ò kì í tọrọ àyè."

"Báwo ni mo ṣe lè ní irú rẹ̀?"

Àdán ronú. "Irun wà lára èso rẹ. Bí ìrì àárọ̀ bá ti rin ín tí ó rọ̀, tẹ ṣóńṣó rẹ̀ kọdọrọ, kí o dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi fẹ́ sí i. Ohun tí ọyẹ́ bá gbẹ ní títẹ̀, kì í nà mọ́. Ṣùgbọ́n rò ó dáadáa o. Ìkọ́ kì í mọ ọ̀tá, kì í mọ ọ̀rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ pa ọ́ lórí mọ́."

Èèmọ́ rántí ọwọ́ àwọn ọmọ ẹranko, bó ṣe máa ń rìn ín. Ó rántí ìyá rẹ̀. Ó rántí ọwọ́ Ẹtu náà, ọwọ́ dídùn tó ń pa ni lórí tó sì ń kọjá lọ.

"Ara mi kò lè lọ," ló wí nígbà tó yá, "ṣùgbọ́n àwọn ọmọ orí mi lè lọ. Ẹ ṣeun, Bàbá Àdán."

Láràárọ̀ ló ń tẹ irun èso rẹ̀. Ìrì á rin ín, á tẹ̀ ẹ́. Ọyẹ́ á fẹ́, á gan. Ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n orin ló ń kọ sí i. Nígbà tó parí, gbogbo èso orí rẹ̀ ti ní ìkọ́ wínníwínní.

Kò pẹ́, àwọn onírìn tún ń bọ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé àgbálùmọ̀ ẹ̀yìn ògiri ti wá dùn bí oyin. Lọ́jọ́ yẹn, Èèmọ́ kò na ọrùn, kò sì béèrè nǹkan kan. Ó kàn fara balẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà.

"Ọmọ náà ti gbọ́n," ni Ẹtu wí fún Ìyá Àparò. "Kò yọ wá lẹ́nu mọ́." Ó fara nù ún kọjá.

Ìyá Àparò náà fara nù ún kọjá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní kí òun sọ̀ kalẹ̀ láti sáré kọjá nílẹ̀, ìrù rẹ̀ gbá gbogbo ibẹ̀.

Wọ́n gun òkè. Lára wọn, àwọn ọmọ Èèmọ́ di aṣọ mú, wọ́n la ojú sílẹ̀. Wọ́n rí òdòdó akòko. Wọ́n rí ìkùukùu lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n rí ògiri pupa láàárín igi, wọ́n sì ń fi ìkọ́ tẹ ara wọn lára pé, "Wò ó! Wò ó!"

Wọ́n ti dé iwájú ẹnubodè nígbà tí Ìyá Àparò yí ọrùn wẹ̀yìn.

"Yéè! Kí ló wà lára aṣọ mi?"

"Ẹ̀yà ara tuntun ni, Ìyá," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ó yẹ yín." Lẹ́yìn náà ló rí ìrù ara rẹ̀. Ìrù tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ìgbálẹ̀. "Yéè! Ìrù mi! Bàbá Ìrìn, ẹ gbà mí!"

Ẹtu wo ara rẹ̀. Láti orúnkún dé ikùn, èso ni.

"Ẹ má bẹ̀rù," ni ohùn wínníwínní kan wí láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Àwa ọmọ Èèmọ́ ni. A kò fẹ́ jẹ yín. Ẹ máa lọ, ó kù díẹ̀ ká dé."

Ẹtu dúró gbọin. "Ẹ ò lè wọ ibẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Àṣà ni. Koríko kì í wọ ìlú. Ìlú tí a bá jẹ́ kí koríko hù lójúde rẹ̀, kí ni àwọn ènìyàn ń pè é? Wọ́n á ní ó ti di ahoro!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ẹnubodè tó wó. Ìyá Àparò wo ògiri tó la ẹnu.

"Bàbá Ìrìn," ni ọmọ Èèmọ́ kan béèrè, "kí ni orúkọ ibi tí à ń lọ?"

Ẹtu ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Ahoro Alápàáàdì ni," ni ọmọ náà dá ara rẹ̀ lóhùn. "Igi oṣè tó hù láàárín ààfin ńkọ́, tí a ń wo orí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè? Ṣé wọ́n fi jẹ oyè ni? Òṣíbàtà ńkọ́? Àgbálùmọ̀ tí ẹ wá jẹ ńkọ́? Àwa tí a di ọ̀nà mú fún yín nìkan ni koríko?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ẹtu fi ojú gbà á mú, ó sì pa ẹ̀rín náà mì.

"Ẹ ṣa wọ́n kúrò!" ni Ẹtu pàṣẹ. "Ẹ kò gbọdọ̀ gbé wọn wọlé."

Ni wọ́n bá jókòó sí iwájú ẹnubodè, wọ́n ń ṣa. Ẹ ì bá wà níbẹ̀! Èyí tí Ẹtu bá fi ẹnu ṣa kúrò lẹ́sẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn létè. Èyí tí Ìyá Àparò bá gbọ̀n dànù, á bọ́ sára Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ á jù ú, á sì padà sí ẹ̀yìn Ìyá Àparò.

"Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀ ọ́n ṣe ni!"

"Ìyá, mo fi orí mi búra! Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ ná, ọ̀kan tún wà ní ìdí yín."

"Má fọwọ́ kàn mí ní ìdí!"

Oòrùn yí, wọn kò mọ̀. Àwọn ẹyẹ mìíràn ti wọ inú ògiri, wọ́n ti jẹ àgbálùmọ̀ tán, wọ́n ń ju kóró rẹ̀ síta. Àwọn onírìn ṣì ń ṣa. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú, wọ́n gbọ̀nà ilé láìwọ ahoro, láìlá àgbálùmọ̀ kankan. Èso díẹ̀ ṣì kù lára wọn, wọ́n sì ń ṣa á jù sọ́nà títí wọ́n fi dé ẹnu ihò wọn.

Ọyẹ́ gbẹ Èèmọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbẹ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbẹ, Àdán fò wá sọ fún un pé, "Àwọn ọmọ rẹ rí ògiri. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo ayọ̀." Ẹ̀rín ló sì gbẹ sí i lẹ́nu.

Nígbà tí òjò padà dé, èèmọ́ hù níbi gbogbo tí wọ́n jù ú sí. Ó hù ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Ó hù ní ẹ̀yìn ilé àwọn tó gbé e délé. Èyí tó pọ̀ jù hù síwájú ẹnubodè, ní ibi tí wọ́n ti jókòó ṣa á, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá na ọrùn dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àgbàlá. Ibikíbi tó sì hù sí, ó di ilẹ̀ mú, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ìyá ìyá rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti parí.

Láti ọjọ́ náà ni orí èèmọ́ kò ti rọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ń rìn lọ wo ahoro nígbà ọyẹ́ kọjá láìmú òun dání. Àwọn ẹranko ṣì ń lọ. Àwa ènìyàn náà ń lọ, pẹ̀lú ṣòkòtò àti ìró wa, tí à ń yọ̀ pé ọ̀nà dára, tí a kì í béèrè ohun tó dì í mú.

Ìgbà tí a bá dé ẹnubodè ni a máa ń tẹ̀ ba láti ṣa á kúrò. Ìgbà náà gan-an ló máa ń sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó yé ẹni tó bá dákẹ́.

"Ọ̀nà tí ẹ gbà dé ibí, àwa la dì í mú. Ẹ mú wa wọlé."

A gbọ́. A wo òkè, a wo ilẹ̀, a sì ń ṣa aṣọ wa.